Ìkòkò Aró Àbẹ̀kẹ́: Eré Kan Tí A Ṣe Nígbà Mẹ́rin ní Òṣogbo

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò gbé ayé rí. Àwa òṣèré la ṣẹ̀dá rẹ̀, a sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́. Àmọ́ ẹjọ́ tí àwọn èèyàn dá fún un kì í ṣe eré, èmi tí mo darí eré náà sì wà lára àwọn tó dá a. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń darí eré, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní lítíréṣọ̀, àti ẹnikẹ́ni tó ti gbé obìnrin tí kò fẹ́ ṣe bí ayé ṣe ń ṣe síwájú èrò rí, tí èrò sì kọ̀ ọ́.

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn obìnrin kan ló gbé iṣẹ́ náà fún wa. Wọ́n fẹ́ eré tí kò ní ju wákàtí kan lọ fún ìpàdé ìparí ọdún wọn, wọ́n ní kó dá lórí obìnrin àti iṣẹ́ ọwọ́. Àwa mọ́kànlá la wà nínú ẹgbẹ́ eré wa, àgbàlá ilé kan ní Òkè-Baálẹ̀ la sì ti ń ṣe rìhásà. Ìlú aró ni wọ́n ń pe Òṣogbo, nítorí náà kò gbà wá lásìkò kí a tó mọ iṣẹ́ tí obìnrin wa máa ṣe. Aláró ni Àbẹ̀kẹ́. Ọkọ rẹ̀ kú, ó fi ọmọkùnrin kan sílẹ̀ fún un. Nígbà tí ọ̀fọ̀ parí, ẹbí ọkọ ní kí àbúrò olóògbé ṣú u lópó. Àbẹ̀kẹ́ ní òun kò fẹ́. Ó kó ìkòkò aró rẹ̀ mẹ́ta, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó lọ gba yàrá kan, ó ń dá gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: nínú ìwé eré àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò fìyà jẹ ẹ́, kò sì ní ọkùnrin mìíràn níta. Ó kàn fẹ́ dá dúró ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan la kọ́kọ́ ṣe é, nínú gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sí ọjà Ìgbọ̀nà. Èrò Òṣogbo mọ eré wò. Ìlú tí Dúró Ládípọ̀, gbajúgbajà òṣèré, ti sọ ilé ọtí rẹ̀ di Mbari Mbayo, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, lọ́dún 1962 nìyí. Èèyàn kì í pa ẹnu mọ́ wo eré níbẹ̀, wọ́n máa ń bá òṣèré sọ̀rọ̀ lójú agbo. Títí a fi dé ìdajì, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Wọ́n bá Àbẹ̀kẹ́ sunkún ọkọ rẹ̀. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ni ojú wọn yí padà. Bó ṣe gbé ìkòkò àkọ́kọ́ rù, ìyá kan ní ìlà kejì dìde: "Sọ̀ ọ́ kalẹ̀! Kí ni ilé ọkọ fi ṣe ọ́?" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún ìyá náà. Ọmọbìnrin tó ń ṣe Àbẹ̀kẹ́ dúró sójú kan, ìkòkò lórí, kò mọ̀ bóyá kó máa lọ ni tàbí kó sọ̀.

Lẹ́yìn eré, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe ń jáde sínú ìwé kékeré kan. "Ẹ̀kọ́ wo lẹ fẹ́ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ wa?" "Ta ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀?" "Obìnrin kì í dá gbé lásán, ẹ lọ wádìí rẹ̀ wò." "Ojú rẹ̀ ti là jù." Ọ̀kan lára àwọn alága ẹgbẹ́ náà sọ fún mi pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ pé eré náà dára, ṣùgbọ́n kí n wá nǹkan ṣe sí obìnrin yẹn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe obìnrin tó ń dúró de owó ọkọ. Èyí tó ń ta aṣọ wà níbẹ̀, èyí tó ń ta èlùbọ́ wà níbẹ̀, wọ́n ń yá ara wọn lówó, òmíràn nínú wọn ló ń san owó ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Nílẹ̀ Yorùbá, owó obìnrin tó ń ṣòwò, owó rẹ̀ ni. Ìyẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo rò ó títí kí n tó rí i. Ohun tí Àbẹ̀kẹ́ ṣe, wọ́n ń ṣe é lójoojúmọ́. Àmọ́ orúkọ ọkùnrin wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tiwọn.

Ohun kejì tí mo rí ni pé àwa oníṣẹ́ ìtàgé kò tí ì fún èrò ní ibi tí wọ́n máa gbé irú obìnrin báyìí sí. Obìnrin alágbára pọ̀ nínú ìtàn wa. Mọ́remí fi ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ jìn nítorí Ilé-Ifẹ̀, a ń yìn ín dòní. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa lọ́dún 1874, ní ọrọ̀, ó ní ẹrú, ó ní ogun tirẹ̀. Lórí ìtàgé, ìkà lásán la sọ ọ́ dà. Èyí tó fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ìlú, a kọrin fún un. Èyí tó di tirẹ̀ mú, a wá ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Obìnrin tí kò gba ìlú là, tí kò sì pa ẹnikẹ́ni, tó kàn fẹ́ yàrá kan àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ipò wo la ti fún un rí? Mi ò mọ èyí nígbà náà o. Ká ní mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò ní ṣe ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e.

Mo sọ àbúrò ọkọ di ìkà. Mo ní kó máa mutí, kó máa na Àbẹ̀kẹ́, kó jí owó aró rẹ̀ kó. A gbé eré náà lọ sí àgbàlá kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ibẹ̀ sì gbóná gan-an. Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ gbé ìkòkò lọ́tẹ̀ yìí, àwọn obìnrin dìde, wọ́n ń pariwo pé kó máa lọ, kó má wẹ̀yìn. Ẹnì kan jù ìgbálẹ̀ lu ọkùnrin tó ń ṣe àbúrò ọkọ. Inú wa dùn dé àyà. A rò pé a ti yanjú rẹ̀.

Ìyá ọmọ mẹ́ta kan dúró dè wá lẹ́nu géètì nígbà tí a ń kó ẹrù. Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ní kó ṣú mi kò nà mí. Èèyàn dáadáa ni, ó ń kí mi títí dòní. Mi ò kàn fẹ́ ẹ ni. Nínú eré yín yìí, èmi ò lẹ́jọ́ kankan láti rò nìyẹn." Ó dágbére, ó lọ. Lọ́nà ilé, ọmọbìnrin tó ń ṣe Àbẹ̀kẹ́ béèrè lọ́wọ́ mi nínú mọ́tò: "Àǹtí, ẹ máà bínú, tí kò bá nà mí ńkọ́?" Mi ò rí èsì fún un.

Mo fẹ́ dúró níbí díẹ̀, nítorí ibi tí mo rò pé ọ̀pọ̀ wa ń ṣubú sí nìyí. Ìkà tí mo fi sínú eré náà, àforíjì ni mo fi ń tọrọ fún Àbẹ̀kẹ́. Mo ń sọ fún èrò pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú u, kò rí ibòmíràn yà sí ni. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, mo ti gbà pẹ̀lú ìyá ìlà kejì pé obìnrin tí wọn kò nà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ. Àánú ni èrò Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun fún un. Wọn kò fún un ní ẹ̀tọ́ kankan.

Ẹ̀ẹ̀kẹta kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. A yọ ìyà kúrò, a wá fún un ní olólùfẹ́ rere ní ìparí, ọ̀gá iléèwé kan tó wá fẹ́ ẹ tọwọ́tẹsẹ̀. Ọmọdé kan níwájú ló sọ̀rọ̀ tó pa eré náà: "Hẹn, ó ti rí ọkọ." Gbogbo èèyàn mí kanlẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tó sọ nù dé ilé. A kò tún ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lásìkò yìí gan-an ni òṣèrébìnrin wa ń wá yàrá fún ara rẹ̀ ní agbègbè Ògo-Olúwa. Ó níṣẹ́, owó ọdún kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Onílé méjì béèrè ọkọ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ní kó lọ mú bàbá rẹ̀ wá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, pé òun kì í gba obìnrin tó ń dá gbé nítorí àlejò òru. Ó ń sọ ọ́ fún wa ní rìhásà, ó ń fi ohùn àwọn onílé náà sọ ọ́, kò mọ̀ pé a ti dákẹ́. Ìran onílé nínú eré wa, láti ẹnu rẹ̀ ló ti wá, a kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Nígbà náà la lọ sọ́dọ̀ Màmá. Aláró àtijọ́ ni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ṣì ní ìkòkò méjì lẹ́yìnkùlé tó fi ń rẹ àdìrẹ fún àwọn tó bá wá a wá. Mo fẹ́ kó fi bí aláró ṣe ń dúró hàn wá, kò jù bẹ́ẹ̀. Ó ní kí òṣèré wa na ọwọ́ rẹ̀, ó wò ó níwájú lẹ́yìn. "Ọmọ yìí ò tí ì ki ọwọ́ bọ aró rí," ló wí. Ó ṣí ìdérí ìkòkò. Òórùn rẹ̀ dìde sí wa nímú. Ìfófòó tó wà lójú rẹ̀ ń dán bíi bàbà. Màmá ti àkísà funfun kan bọ̀ ọ́, ó kà lábẹ́lẹ̀, ó fà á jáde, aṣọ náà kò dúdú. Àwọ̀ ewé ni, ó mọ́ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ó nà án sínú afẹ́fẹ́, a sì ń wò ó bó ṣe ń yí padà láti etí, díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi di aró. Àwa tí wọ́n bí sí ìlú aró, méje nínú wa kò rí i rí.

Mo wá ṣàlàyé eré fún un. Nígbà tí mo dé ibi tí Àbẹ̀kẹ́ ti gbé ìkòkò rù, Màmá dá mi dúró.

"Ìkòkò tí aró wà nínú rẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà.

"Ta ló ń gbé ìkòkò aró kiri? Ewé èlú tí o gún, tí o yí, tí o sá, omi eérú tí o sẹ́ lẹ́yọ lẹ́yọ, gbogbo ọjọ́ tí o fi ṣọ́ ọ. Tó bá fẹ́ lọ, àfi kó dà á nù."

Mi ò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Fún oṣù mẹ́rin la ti ń gbé ìkòkò òfìfo rù lórí ìtàgé, tí a ń bẹ èrò kí wọ́n gbà pé obìnrin yìí mọ ohun tó ń ṣe. A kò tíì fi ohun tó ná an hàn wọ́n.

Màmá sọ ọ̀rọ̀ kejì fún wa bí a ṣe fẹ́ máa lọ. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, wọ́n pe ìyá rẹ̀ jókòó, wọ́n ní kó mú ẹni tó wù ú nínú àwọn àbúrò ọkọ. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí ọmọ tirẹ̀ ọkùnrin, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ó ní ẹni tí òun mú rèé. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Mo béèrè pé, àwọn èèyàn ò sọ̀rọ̀? Ó ní: "Wọ́n sọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ títí ó fi rẹ̀ wọ́n."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òṣèrébìnrin wa fi ń lọ sọ́dọ̀ Màmá ní gbogbo òwúrọ̀. Èékánná rẹ̀ di aró. Ìrìn rẹ̀ yí padà, nítorí ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ sórí ìkòkò lójoojúmọ́ máa ń fi ìbàdí gbé ara. Èmi náà jókòó, mo tún eré náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àbúrò ọkọ di èèyàn rere tó ń gbé iṣu wá fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú tì í nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ kọ̀ ọ́, a sì jẹ́ kó dùn ún lójú gbogbo èèyàn. Olólùfẹ́ kò sí mọ́. Àwọn aládùúgbò, mo fún wọn ní ọ̀rọ̀ inú ìwé kékeré mi, bí wọ́n ṣe jáde lẹ́nu èrò Ìgbọ̀nà gẹ́lẹ́. Ẹnu ayé lẹbọ, àwọn baba wa ló wí bẹ́ẹ̀. Nínú eré yìí, ẹnu ayé ní ìjókòó tirẹ̀ lórí ìtàgé, èèyàn márùn-ún, àpótí márùn-ún, wọn kì í kúrò níbẹ̀ títí eré fi parí.

A kúrò nínú gbọ̀ngàn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la ṣe é, nínú àgbàlá, lábẹ́ oòrùn, nítorí gílóòbù kì í jẹ́ kí àwọ̀ aṣọ hàn dáadáa. Àbẹ̀kẹ́ fa aṣọ jáde nínú aró, ó so ó rọ̀, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹjọ́ rẹ̀, aṣọ náà ń yí padà lẹ́yìn wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹbí béèrè ẹni tó mú, ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀. Mo gbọ́ "hẹn-ẹn" láti ẹnu àwọn ìyá àgbà. Wọ́n mọ ohun tó ṣe ju àwọn ọ̀dọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló da ojú ìkòkò dé. Aró náà ṣàn sílẹ̀, ó kọ́kọ́ ní àwọ̀ ewé, ilẹ̀ gbà á, ó dúdú. Ariwo tó sọ kì í ṣe ti inú dídùn. Ìyá kan tó ń ta aṣọ di orí mú: "Yéè, owó!" Kò sẹ́ni tó ní kó sọ ìkòkò kalẹ̀. Àwọn tó ń ṣòwò ni wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ da irú ọjà bẹ́ẹ̀ nù ti rò ó dé ìsàlẹ̀.

Ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí la dá eré dúró. Ọ̀nà tí Augusto Boal, olùdarí eré ará Brazil tó kú lọ́dún 2009, sọ di mímọ̀ káàkiri ayé ni: kí òǹwòran gorí ìtàgé, kó gba ipò ẹnì kan, kó ṣe é bó ṣe yẹ lójú tirẹ̀. Nínú ti Boal, ẹni tí wọ́n ń ni lára ni òǹwòran máa ń gba ipò rẹ̀. A dán an wò bẹ́ẹ̀ ní rìhásà tí a pe àwọn ará àdúgbò sí, obìnrin tó kọ́kọ́ gòkè kàn sọ ìkòkò kalẹ̀, ó wọlé ọkọ lọ, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, ó parí. Torí náà a yí i. A ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ipò Àbẹ̀kẹ́. Ipò ìyá ọkọ, ti onílé àti ti aládùúgbò ló ṣí sílẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ti pinnu. Kí ni ìwọ máa ṣe?

Àgbà obìnrin kan, ìyá ọkọ lóòótọ́ nílé rẹ̀, gba àga ìyá ọkọ. Mo rò pé èébú máa bẹ̀rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ tí aró dà sí fún ìgbà pípẹ́, ó ní: "Ìkòkò mélòó ló kù?" Àbẹ̀kẹ́ ní ó ku méjì, Mà. Ó ní: "Fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi. Má dà á. Kí ọmọ mi máa wá sùn síbí lọ́jọ́ Sátidé, kí ìwọ náà máa wá rẹ aṣọ rẹ sínú rẹ̀." Òṣèré wa bú sẹ́kún, ẹkún náà kò sí nínú ìwé eré.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbà. Bàbá kan dìde, ó ní òun kò fẹ́ gba ipò ẹnikẹ́ni, ìbéèrè kan lòun ní: "Tó bá ṣàìsàn lóru, ta ló máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀?" Kò fi bú ẹnikẹ́ni, àánú obìnrin náà ló ń ṣe é. A wá èsì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo èsì tí a kọ ń dún bí ìwàásù. Ní báyìí, ọ̀kan lára àwọn aládùúgbò ló ń béèrè rẹ̀ nínú eré, Àbẹ̀kẹ́ á gbọ́ ọ, á dákẹ́, á máa fi eérú dí ojú ìkòkò tuntun. Ibi tí ó nira jù fún òṣèré nìyẹn, mo sì ti kọ̀ láti fún un ní ọ̀rọ̀ kankan.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú eré yìí, mo bẹ̀ ẹ́, kó kọ́kọ́ wá iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin náà rí kó tó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Kó mọ ohun tó máa dà nù. Ọ̀rọ̀ tí èrò fi ń dá a lẹ́jọ́, kó gbà á sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kó má ṣe sọ wọ́n di òmùgọ̀, nítorí ìyá ìlà kejì yẹn nífẹ̀ẹ́ Àbẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀. Ó sunkún ọkọ rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Kó sì máa ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ fi ìkà tàbí ọkọ tuntun kún ìtàn, kó bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ kan láti ìlú mìíràn pè wá. Wọ́n ti gbọ́ nípa eré Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọ́n ní kí a dá ọkùnrin tó ń na obìnrin náà padà sínú rẹ̀, pé èyí tí ìgbálẹ̀ fò nínú rẹ̀ làwọn èèyàn wọn fẹ́. Owó tí wọ́n dá lé e dára. Gbogbo wa jókòó sí àgbàlá Òkè-Baálẹ̀, mo ní kí olúkúlùkù sọ tirẹ̀, òṣèrébìnrin wa ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ní òun á lọ bí a bá gbé eré ti aago mẹ́rin dání, pẹ̀lú ìkòkò tó kún. A kọ lẹ́tà sí wọn bẹ́ẹ̀, a sì ń retí èsì wọn.